Kí ẹ tó náwó sórí kọ̀ǹpútà géèmù: ohun tí "Core i7, 4GB" kò sọ fún yín

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ọ̀tà fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òǹtajà kan ní Computer Village, ní Ìkẹjà, ló kọ ọ́ fún òun: "Core i7, RAM 16GB, hard disk 1TB, graphics 4GB, iná RGB." Ó wá béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa gbé géèmù GTA? Owó tí mo tù jọ ò ju báyìí lọ o." Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, iná aláràbarà ìparí yẹn nìkan ló dá mi lójú.

Core i7 kì í ṣe orúkọ nǹkan kan ṣoṣo. Bí ìgbà tí ẹnì kan ní kí ẹ lọ bá òun pe Àlàbí wá lọ́jà Òjé ni: Àlàbí wo? Láti ọdún 2008 ni Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ti ń tẹ "i7" mọ́ ọn lára. i7-2600 jáde lọ́dún 2011. Core (apá tó ń ṣírò) mẹ́rin ló ní, iṣẹ́ mẹ́jọ ló sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. i3-12100F jáde lọ́dún 2022. Core mẹ́rin lòun náà ní, iṣẹ́ mẹ́jọ lòun náà ń dì mú. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sídìí géèmù kan náà, "i3" yìí á fi "i7" yẹn sẹ́yìn pátápátá, torí ọdún mọ́kànlá tó wà láàárín wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni kí ẹ máa wò. 2600, ìran kejì. 12100, ìran kejìlá. Bí òǹtajà bá ń pariwo "i7 ni, i7 ni" tí kò sì fẹ́ dárúkọ nọ́ńbà tó kù, ó ń fi nǹkan pamọ́ ni, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ má mọ ohun tó ń tà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má tíì yọ owó.

"Graphics 4GB" ń kọ́? GB ń sọ bí tábìlì tí graphics card, ìyẹn káàdì tó ń kun àwòrán, ń kó iṣẹ́ lé ṣe fẹ̀ tó, kò sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Àwọn GT 730 kan wà tó jẹ́ 4GB, ọdún 2014 sì ni káàdì yẹn dé. GTX 1650 ti ọdún 2019, 4GB lòun náà. Lórí 1650, GTA V á máa sáré geere. Lórí 730, ẹ ó máa ṣọ́ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ jí bó ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kọjá bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ gba orúkọ káàdì náà lódindi lẹ́nu òǹtajà kí ẹ tó béèrè GB.

Ó yẹ kí n là á yéni, iṣẹ́ kí ni ta ni ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí wọ́n kó aṣọ ẹbí wá bá nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ló ń wọn èèyàn, òun ló ń gé aṣọ. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ń rán an. Processor ni ọ̀gá yẹn: òun ló ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ibi tí aṣọ́lé máa fò sí, bóyá ọta ìbọn ba ọ̀tá tàbí ó tàsé. Graphics card ni àwọn ọmọọṣẹ́, àwọn ló ń kun gbogbo àmì kéékèèké tó ń di àwòrán lójú screen. RAM ni tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ lé. SSD tàbí hard disk ni yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n kó aṣọ tó kù sí. Bí ọ̀gá bá ń fẹsẹ̀ falẹ̀ nídìí gígé, àwọn ọmọọṣẹ́ á jókòó, wọ́n á máa tẹ fóònù. Bí ọwọ́ ọ̀gá bá yá bí àṣá, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, aṣọ gígé á kàn wọ́ jọ síbẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìdí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé káàdì ló yẹ kó jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó, kì í ṣe processor.

Ibo lèèyàn á wá ti bẹ̀rẹ̀? Ojú screen ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò ní ohun tí àwọn máa fi wò ó. Screen tí wọ́n ń pè ní 1080p ní àmì 1920 ní ìbú, 1080 lóòró. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Bí géèmù bá fẹ́ dán, káàdì á kun gbogbo mílíọ̀nù méjì yẹn nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ gẹ́lẹ́, owó káàdì tó sì lè gbé e dáadáa lè ra kọ̀ǹpútà méjì irú èyí tí à ń sọ. Fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, 1080p ti tó. Bí screen náà bá sì jẹ́ 60Hz, ìgbà 60 lásán ló lè pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Káàdì tó lè ṣe 150 lórí irú screen bẹ́ẹ̀ dà bí ọkọ̀ olówó ńlá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀ṣòdì.

Mi ò ní dá iye náírà kan ní pàtó, torí iye tí wọ́n pè é láàárọ̀ lè má jẹ́ iye tí wọ́n máa pè é nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí á pín ₦100. Tí screen bá ti kúrò níbẹ̀, èmi á fi nǹkan bí ₦40 sọ́wọ́ káàdì, ₦30 fún processor àti motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) pọ̀, ₦10 fún power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún wọn), kí RAM, SSD àti àpótí pín ìyókù. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi èyí ṣe òfin. Àmọ́ bí ẹ bá rí àkọsílẹ̀ tí processor ti gba ₦50, tí káàdì sì gba ₦15, ọ̀gá télọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọmọọṣẹ́.

Káàdì tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n ni RX 6600 ti ilé iṣẹ́ AMD, tó jáde lọ́dún 2021. 8GB ni, 1080p ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Ohun tó mú un wù mí jù ni pé 132 watt ló ń jẹ. RX 580 ti ọdún 2017 ṣì pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ ní 8GB, owó rẹ̀ kò sì tó ti 6600. Ṣùgbọ́n 185 watt ló ń jẹ, kò sì yá tó èyí tó ń jẹ iná kéré. Tí owó ò bá tó rárá, GTX 1650 ni, torí 75 watt péré ló nílò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì béèrè wáyà kankan láti ara power supply, ara motherboard ni wọ́n ti ń mu gbogbo iná wọn.

Ọjà tòkunbọ̀ kò burú, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbádùn géèmù. Àmọ́ ayédèrú káàdì wà. Àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń mú káàdì àtijọ́, wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa pè é ní GTX 1050 Ti. Ọ̀nà tí èmi ń gbà nìyí: mo máa ń gbé GPU-Z, ètò kan tó ń yẹ káàdì wò, lọ sọ́jà nínú flash. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò kí ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí káàdì bá jẹ́ ayédèrú tó mọ̀, ó máa ń kọ FAKE sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣe géèmù kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú yín. Ẹ máa wò ó bóyá àmì kéékèèké pupa tàbí aláwọ̀ ewé ń yọ lójú screen, ẹ tẹ́tí sí fáànù rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òǹtajà tó bá ní iná kò sí, ẹ sọ fún un pé ẹ máa dúró. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ bá tiyín lọ.

Processor àti motherboard dà bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ojúhò kan wà lára motherboard tí wọ́n ń pè ní socket, processor tí kò bá bá a mu kò lè wọ̀ ọ́, ẹ má sì fipá tì í. Ryzen 5 5600, processor AMD ti ọdún 2022, jẹ́ ti socket AM4. Ó ní core mẹ́fà, 65 watt ni wọ́n kọ sí i lára, fáànù tiẹ̀ sì máa ń wà nínú páálí rẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun. Níwọ̀n owó tí à ń sọ yìí, òun ni mo fọwọ́ sí. Ti Intel tó sún mọ́ ọn ni i5-12400F, LGA1700 ni socket tirẹ̀. AM5, socket AMD tó dé lọ́dún 2022 kan náà, ló ṣì máa gba processor tuntun lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ RAM ìran tuntun tí wọ́n ń pè ní DDR5 nìkan ló ń gbà, ibẹ̀ ni owó ti ń le.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ìparí. F lára ti Intel túmọ̀ sí pé processor náà kò ní ohun tó lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. 5600 lásán kò ní in náà. G lára ti AMD, bíi 5600G, ní in. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká káàdì lè fi 5600G bẹ̀rẹ̀, kó máa fi gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn géèmù tí kò wúwo, kó wá ra káàdì nígbà tí àjọ bá kàn án.

Nǹkan kan tún wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti òǹtajà kan. Ọdún 2018 ni motherboard tí wọ́n ń pè ní B450 jáde, ọdún mẹ́rin ṣáájú 5600. Bí ẹ bá ra B450 tó ti pẹ́ nílẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ processor yẹn rí. Ẹ ó tò ó tán, fáànù á máa yí, screen á ṣókùnkùn biribiri. Kò sí ohun tó bàjẹ́, BIOS rẹ̀, ètò kékeré inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ dọ̀tun. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà ṣe é kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé ó tàn.

RAM kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. DDR4 kò wọ ojúhò DDR5, DDR5 náà kò wọ ti DDR4. 16GB ló tó, kó sì jẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8GB dípò ẹyọ kan tó jẹ́ 16GB, torí méjì máa ń ṣí ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún processor. Lórí 5600G tí kò ní káàdì, ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn kedere, nítorí ara RAM yẹn náà ló ti ń yá ibi tó máa kun àwòrán sí. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n kọ 3200 sí, ẹ wọ inú BIOS, ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè máa fi 2133 tàbí 2400 rìn láìsí ẹni tó máa sọ fún yín. Láti apá ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti gbéra nílẹ̀, torí àwọn tó ń kọ́ ibùdó AI ń ra púpọ̀ nínú ohun tí àwọn aṣe-RAM ń ṣe jáde. Ẹni tó bá ní DDR4 méjì nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé, kó má ṣe tà á.

SSD, tó yá ju hard disk lọ, ni kí ẹ rà, kí ẹ fi hard disk sílẹ̀ fún fíìmù. Ó parí.

Wàyí o, power supply. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ní "ká sáà ti ra èyíkéyìí." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó wúwo lọ́wọ́, ó sì mọ́ tónítóní. Mo so gbogbo wáyà tán, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀. Gbòà! Iná ilé lọ, èéfín rú, òórùn kan tí mi ò lè fi wé nǹkan kan gba pálọ̀. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí bọ́tìnì pupa kékeré kan nítòsí ibi tí wọ́n ń ki wáyà sí. 115 ló wà lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá tì í sódì kejì, 230 ló máa hàn. Amẹ́ríkà ni power supply yẹn ti wá, 120 volt sì ni iná ilé wọn. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Orí ọ̀bẹ lásán ni ǹ bá fi tì í sí apá kejì kí n tó tan iná.

Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun kò ní bọ́tìnì yẹn mọ́, wọ́n máa ń mọ irú iná tó wọlé fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lára tòkunbọ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kí ẹ sì má fi àmì 80 Plus tan ara yín: ìyẹn ń sọ bí iná tó ń ṣòfò di ooru ṣe kéré tó, kò ṣèlérí pé power supply náà kò ní jó káàdì yín. Orúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀, wàrántì tó ṣe é gbà, àti ìwúwo tó dáa ni mo ń wò. Power supply burúkú kì í dá kú.

Báwo ló ṣe yẹ kó lágbára tó? Ẹ ro ó pọ̀: processor 65 watt, káàdì 132, ẹ fi bí 50 kún un fún àwọn tó kù. Kò tó 250 watt. 500 tàbí 550 tó jẹ́ ojúlówó ti tó, àyè á sì ṣẹ́ kù. Èyí tí wọ́n kọ 800 sí lára tó fúyẹ́ bí àkàrà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìṣirò yìí ló tún máa sọ bí géèmù yín ṣe máa pẹ́ tó nígbà tí NEPA bá mú iná. Bátìrì inverter oní 12 volt, 200Ah, 2,400 watt fún wákàtí kan ló dì mú. Bó bá jẹ́ ti omi-ásíìdì, ẹ má jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má baà tètè kú. Ẹ yọ ti inverter fúnra rẹ̀, ó ku nǹkan bí 1,000. Kọ̀ǹpútà wa àti screen rẹ̀ jọ ń jẹ bí 275, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ẹ fi RX 580 rọ́pò 6600, ó máa sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́ náà á mọ ìyàtọ̀ ọ̀hún lápò. Kí inverter tàbí UPS náà sì jẹ́ pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA), nítorí ọ̀pọ̀ power supply tó dáa kì í fẹ́ràn iná tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kú fin nígbà tí iná bá yí pa dà. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ẹ fi stabilizer sáàárín, torí iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò bí jangirọ́fà.

Ní ti àpótí, ẹ wá èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì rẹwà o, àmọ́ ooru wa kò mọ ẹwà. Ẹ gbá eruku inú rẹ̀ kúrò tí ọyẹ́ bá ti lọ.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí mi ò lè má mẹ́nu kàn: kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, bíi Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk, kí ẹ wá ki GTX 1650 sí i. Ó máa ń dín owó kù gan-an. Ẹ wá èyí tó ga bí àpótí gidi, torí inú èyí tó pẹlẹbẹ kò gba káàdì tó ga. Ẹ má sì rò pé ẹ máa pààrọ̀ power supply rẹ̀ bó bá wù yín, ẹnu wáyà ọ̀pọ̀ Dell wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Bí ó bá jẹ́ Intel, kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè, nítorí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10, Windows 11 ò sì tẹ́wọ́ gba èyí tó ṣáájú ìran kẹjọ. Géèmù Valorant lórí Windows 11 tún máa ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, àwọn ètò ààbò inú kọ̀ǹpútà, kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé.

Àbúrò mi ò ra i7 yẹn. Ó gba 5600, RX 6600 tòkunbọ̀ tí a jọ dán wò, motherboard B550, àti power supply tuntun. Iná RGB náà ò sí níbẹ̀, ojú sì ń ro ó díẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó tò ó tán ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Fáànù ń yí, gbogbo nǹkan ń tàn, screen ò mú nǹkan kan wá." Mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ fi ránṣẹ́. Wáyà HDMI tó lọ sí screen wà lókè, lára motherboard.

"Wo ìsàlẹ̀," mo ní. "Ojúhò kan náà wà lára káàdì. Yọ ọ́ lókè, fi í sí ìsàlẹ̀ yẹn."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá a wí lẹ́yìn fóònù pé kó má ṣe pariwo mọ́, àwọn aládùúgbò ti sùn.